Ilé Àyágbé Láàárín Èrò: Ìgbé Ayé Ayálégbé ní Sùúrùlérè àti Yábà

Sùúrùlérè àti Yábà wà lára àwọn àdúgbò Èkó tí ilé kì í pẹ́ ṣófo níbẹ̀. Bí ayálégbé kan bá kó jáde lónìí, ó ṣeé ṣe kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti wá wo yàrá náà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ohun tó ń fà wọ́n kò fara sin. Ní Ojúẹlẹ́gba, dánfó wà tó ń lọ sí gbogbo ìhà: Múṣin, Oṣòdì, Yábà, Erékùṣù Èkó. Ọjà Tẹ́júoṣó kò jìnnà, Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́kà, ilé ìwòsàn eegun wà ní Ìgbóbì, pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de ìdíje gbogbo Áfíríkà ọdún 1973 sì wà ní Sùúrùlérè gan-an. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì máa bá onísúyà àti oníndomí lẹ́bàá ọ̀nà.

Owó ilé tí wọ́n ń san níbẹ̀, owó ìtòsí ni: ìtòsí ibi iṣẹ́, ìtòsí ọjà, ìtòsí èèyàn. Ariwo, iná tí wọ́n jọ ń pín, omi tí wọ́n jọ ń fà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbà kọjá wà nínú owó kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ kí ara sì tù ú ní láti wo ìhà méjèèjì dáadáa kó tó san kọ́bọ̀.

Àdúgbò méjèèjì kò sí lára Èkó àtijọ́. Ní 1861 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà, orí erékùṣù ni èrò pọ̀ sí: Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọlọ́wógbowó, àti Pópó Àgùdà níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé tẹ̀dó sí. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896 fa èrò lọ sí ìhà Ìdó àti Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tó di 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì hàn kedere pé yàrá tóóró tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí afẹ́fẹ́ kò rí àyè wọ̀, ń bá àrùn náà ṣiṣẹ́. Ní 1928 ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LEDB. Ìgbìmọ̀ yìí ló la òpópónà Yábà ní gbọọrọ-gbọọrọ, tó sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ kí ìfúnpọ̀ orí erékùṣù lè dín kù.

Ìtàn ti Sùúrùlérè ní ìrora nínú. Láti 1955, bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn erékùṣù, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè, ibi tí wọ́n ń pè ní New Lagos nígbà náà. Onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan, Peter Marris, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tó ṣẹ́ kù sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Ohun tó bá pàdé yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń wá ilé títí dòní. Ilé tuntun mọ́, àyè sì gba èèyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tajà níwájú ilé rẹ̀ lórí erékùṣù kò rí oníbàárà mọ́, owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè ẹni tó ṣì ń lọ sọ́jà níbẹ̀, ẹbí tó máa ń ya ilé nígbà gbogbo wá di ará ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí kì í san owó ilé nínú agboolé bàbá wọn di ẹni tí owó ilé ń lé. Ilé dára, àmọ́ ìtòsí ti lọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà, èrò bá wọn débẹ̀. Àwọn oníṣòwò ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, Bọ̀dé Thomas àti Láwáńsọ̀n; àwọn olórin, òṣèré àti eléré bọ́ọ̀lù wá ń gbé Sùúrùlérè. Ní Yábà, ilé ìwé gíga Yaba College of Technology ti wà láti 1947, Yunifásítì Èkó tẹ̀ lé e ní 1962. Nígbà tí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ Co-Creation Hub ṣílẹ̀kùn ní ọ̀nà Herbert Macaulay ní 2011, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ wọn. Bí àdúgbò ṣe ń gbóná sí i ni owó ilé ibẹ̀ ń gòkè.

Oríṣi ilé tó wà fún yíyá pọ̀. Èyí tó ti pẹ́ jù nínú èyí tí àwọn aláìlówó ńlá ń gbé ni ilé ìkojúsíra, tí àwọn ará Èkó ń pè ní fésí-mi-áì-fésí-yù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín ilé kọjá, yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo ilé. Irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil dé, kọ́ sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ó sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ilé kíkọ́ wá di òwò, ọ̀nà ìkọ́lé yìí rọ onílé lọ́rùn, torí ó lè gba owó lọ́wọ́ ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lábẹ́ òrùlé kan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá àti pálọ̀, miní-fúláàtì, àti fúláàtì oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí fúláàtì méjì sábà máa ń wà lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ ní Yábà fẹ́ràn sẹ́ẹ̀fù-kọntéènì, ìyẹn yàrá kan tó ní balùwẹ̀ àti kíṣìnì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀fù-kọntéènì wọ̀nyí jẹ́ ilé àtijọ́ tí onílé gé sí wẹ́wẹ́, èyí sì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ògiri pọ̀ sí i, balùwẹ̀ di mẹ́fà níbi tí méjì wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n sókàwéè tí wọ́n gbẹ́ fún ìdílé méjì kò yí padà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ayálégbé bá kó wọlé ni òórùn rẹ̀ yóò sọ fún un.

Ilé tí wọ́n ń yá ní alaalẹ́, tí wọ́n ń pè ní shortlet, náà ti wọ àdúgbò wọ̀nyí. Àwọn ọmọ Èkó tó ń gbé London, Houston tàbí Toronto tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe Kérésì tàbí ìyàwó ló ń lò ó jù. Owó rẹ̀ fún alẹ́ kan ga, àmọ́ àga, ibùsùn, iná àti omi ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á láàárín àdúgbò bí Agúdà tàbí Láwáńsọ̀n ní Sùúrùlérè á bá ara rẹ̀ nínú ayé gidi, níbi tí alákàrà ti ń jí i láàárọ̀. Kó rántí pé ayálégbé ọdọọdún ló wà ní ògiri kejì, tí òun máa jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Wíwá ilé sábà máa ń gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì. Éjẹ́ǹtì gidi mọ onílé, ó mọ ìdí tí ẹni tó kó jáde fi kó jáde, ó sì lè mú èèyàn wo ilé márùn-ún lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ìwòlé lọ́wọ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn lórí yàrá kan tí wọn kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí éjẹ́ǹtì yá yàrá kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́wàá, kí gbogbo wọn pàdé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́jọ́ kan náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá àjọ kan sílẹ̀, LASRERA, láti máa forúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì gbọ́ ẹjọ́ jìbìtì. Síbẹ̀ ààbò tó dájú jù ni kí ẹni tó ń wá ilé rí onílé tàbí lọ́yà onílé lójúkojú, kó bi ayálégbé tó wà níbẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n ń san owó fún, kó sì san owó náà sínú àpò báńkì tó jẹ́ orúkọ ẹni yẹn.

Wíwo ilé ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀sán gangan ni éjẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú èèyàn lọ, nígbà tí àdúgbò pa lọ́lọ́ tí oòrùn sì ti gbẹ gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á padà lọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta, á sì tún lọ lẹ́yìn òjò. Lálẹ́ ni yóò mọ̀ bóyá ilé ọtí wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, bóyá ìjọ tó wà lódìkejì ń ṣe ìṣọ́ òru, àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kọ ẹnu sí. Lẹ́yìn òjò ni yóò mọ̀ bóyá àgbàrá ń wọ ilé, pàápàá ní àwọn òpópónà tó sún mọ́ kànáàlì. Nínú yàrá, kó gbójú sókè wo sílìn: ibi tó bá ní àmì rúbúrúbú aláwọ̀ pupa bí omi tíì, omi òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀dà tuntun kò sì ní dá a dúró. Kó ṣí ẹ̀rọ omi kó sì dúró dì í, torí omi tó bá kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ èyí tó kù sínú páìpù. Kó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ó bá rọ̀ tí ọ̀dà sì ń ṣí, ọ̀rinrin ti ń gòkè láti ilẹ̀, aṣọ tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀ yóò máa bu.

Kó má fojú fo òpó àti bíìmù ilé pàápàá. Ilé wíwó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó. Èyí tó wó ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019 ní ilé ìwé lókè rẹ̀, àwọn ọmọdé sì kú níbẹ̀. Àjọ LASBCA ló ń mójú tó ilé tí kò dúró re, wọ́n sì máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n bá ti rí ewu nínú rẹ̀. Ilé tó bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n kùn ún bò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bí ilé ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ tó náà ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè àti Lagos Mainland tí Yábà wà sì wà lára wọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wọnú lọ gan-an á fẹsẹ̀ rìn tàbí kó wá kẹ̀kẹ́ Máruwá. Ní ọ̀nà kejì, ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń gba Agbádò dé Oyíǹgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Yábà. Yàrá tó wà ní ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀ lè gba ayálégbé lọ́wọ́ gọ́ọ̀-sílóò àárọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó ń nira fún ayálégbé Èkó, kò sí èyí tó wúwo tó owó àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní owó ilé jẹ́ 1,000,000 náírà lọ́dún, mílíọ̀nù kan kò ní tó kó wọlé. Ó ti di àṣà kí éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bíi kọmíṣọ̀n, kí wọ́n tún gba ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì tí lọ́yà kọ. Àwọn mìíràn ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ṣọ̀n, owó tí onílé ń fi pamọ́ de ohun tó bá bàjẹ́, lè tó 100,000. Ayálégbé náà ti san 1,300,000 kó tó ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, kó tó kun ọ̀dà, kó tó háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí owó oṣù ń wọlé fún ní díẹ̀díẹ̀, ni wọ́n ń béèrè owó ọdún kan odindi lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fi ń para pọ̀ gba fúláàtì kan. Ìyẹn dára, bí wọ́n bá kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé. Bí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, àwọn yòókù di àlejò ẹni yẹn.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ó de Sùúrùlérè àti Yábà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ayálégbé ọdọọdún tó ti wà nílé kò gbọdọ̀ san ju ọdún kan lọ ṣáájú, ti olóṣooṣù kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta wà fún ẹni tó bá rú u, ayálégbé tó san owó náà sì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ bíi ti onílé tó gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn onílé ṣì ń béèrè owó ọdún méjì, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń wá ilé lójú méjèèjì kò ní lọ fẹjọ́ sùn. Ó dunni pé òfin tó dára tó báyìí wà nílẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Lábẹ́ òfin kan náà, dandan ni kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì fún gbogbo owó ilé tó bá san, kí ọjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà dúró fún wà lórí rẹ̀. Bí ilé bá ní owó ìtọ́jú, bí owó ọlọ́dẹ tàbí ti ìmọ́tótó, rìsíìtì tirẹ̀ yàtọ̀, onílé sì gbọdọ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ní kíkọ sílẹ̀. Onílé ló ni àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Kò gbọdọ̀ gé omi tàbí iná láti fi fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ayálégbé ní tirẹ̀ gbọdọ̀ san owó lásìkò, kó tọ́jú inú ilé, kó má wó ògiri tàbí kó yá ẹlòmíràn ní yàrá láìjẹ́ pé onílé gbà ní kíkọ. Onílé tó bá fẹ́ wá wo inú ilé gbọdọ̀ kọ̀wé ṣáájú, kó sì wá lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó wọlé, iná mànàmáná ni orísun ìjà tó wọ́pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Eko Electric àti Ikeja Electric pín àwọn òpópónà Èkó sí ìpele ní ìbámu pẹ̀lú wákàtí iná tí wọ́n ń rí lójúmọ́: Band A fún wákàtí 20, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó bẹ̀rẹ̀ láti 225 náírà fún ìwọ̀n kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Nítorí náà, “Béèrè Band ilé kó o tó wọ̀ ọ́” ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ayálégbé àgbà ń sọ fún àwọn tuntun.

Ká wo ilé ìkojúsíra oníyàrá mẹ́jọ tó ní mítà àsansílẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnì kan nínú ilé, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ló ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo yàrá, á ra káàdì, á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú mítà, á sì kọ orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò tíì san sínú ìwé kékeré. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Àwọn ilé kan ń kà á ní oríyàrá, kí gbogbo yàrá san iye kan náà. Ìyá tó ní gílóòbù méjì àti fáànù kan kò ní pẹ́ ṣàkíyèsí pé yàrá kẹta ní fíríìsà tí wọ́n fi ń ta omi tútù, yàrá karùn-ún sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọṣọ láràárọ̀. Wọ́n á wá ka ohun èlò: fíríìjì iye báyìí, tẹlifíṣọ̀n iye báyìí. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìdáná oníná pamọ́ sábẹ́ ibùsùn kò ní dá a sọ. Ọ̀nà àbáyọ tó ń mú àlàáfíà wá ni mítà kékeré tí oníṣẹ́ iná ń so mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú san ohun tó lò. Owó rẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn mẹ́jọ, ó sì kéré sí owó ìjà.

Nígbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Ewu rẹ̀ ju ariwo lọ. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú, carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, tó sì lè pa odindi ìdílé sójú oorun. A kò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, sórí báńkónì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tàbí sínú kíṣìnì, kódà bí òjò bá ń rọ̀, tàbí bí ẹ̀rù olè bá ń bani. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà tí èébì sì ń gbé wọn, kí wọ́n jáde síta kíákíá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká ínfátà tàbí sólà kékeré, kó rà á. Ó ń gba ẹ̀mí tirẹ̀ àti ti ẹni tó wà ní ògiri kejì là.

Ní ti omi, bóhóòlù àti kànga ni ọ̀pọ̀ ilé gbára lé, mẹ́ruwà sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri fún àwọn yòókù. Ibi tí ilé fún pọ̀ sí, kànga àti sókàwéè kì í jìnnà síra, omi bẹ́ẹ̀ wà fún aṣọ fífọ̀ àti balùwẹ̀. Mímu rẹ̀ láìsè é kò bójú mu.

Ariwo kò ní tán ní àdúgbò èrò. Ìrun àsùbá, agogo ìṣọ́ òru, ẹni tó ń polówó búrẹ́dì, ówàńbẹ̀ tí wọ́n ta kánópì rẹ̀ dí ojú títì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: gbogbo ìyẹn wà lára ohun tí ayálégbé gbà nígbà tó gba ilé. Ṣùgbọ́n òpin wà. Àjọ LASEPA, tó ń mójú tó àyíká, fi ìwọ̀n ariwo àdúgbò tí èèyàn ń gbé sí désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru, wọ́n sì máa ń ti ilé ìjọsìn àti ilé ọtí tó bá kọjá ibẹ̀ pa. Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, àgbààgbà àdúgbò ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tó ti ń kí wọn láàárọ̀, tó sì ń yọjú sí ìpàdé àdúgbò, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ wọ́n létí.

Ìbágbépọ̀ nínú ilé náà ní ìlànà tí kò sí nínú àgírímẹ́ǹtì kankan. Wọ́n ń pín gbígbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fífọ balùwẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, yàrá sí yàrá. Wọ́n ń dá owó ìdọ̀tí fún àwọn akólẹ̀, owó ọlọ́dẹ, àti owó géètì òpópónà tí wọ́n ń tì lóru. Ayálégbé tuntun ní láti béèrè aago tí wọ́n ń ti géètì, pàápàá bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń gbé e pẹ́, kó sì jẹ́ kí ọlọ́dẹ dá ojú rẹ̀ mọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé kí ìyá rẹ̀ tó dé kò ní jókòó síta, yàrá kan á gbà á. Bí àìsàn bá gbé ẹnì kan lóru, kì í ṣe ẹbí tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú ló máa kọ́kọ́ gbọ́, aládùúgbò ni. Èyí ni ìtòsí tí àwọn tí wọ́n kó lọ sí New Lagos ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àárò.

Owó ilé kì í dúró sójú kan. Bí onílé bá fi owó lé e lọ́nà tí kò bójú mu, òfin 2011 fún ayálégbé láyè láti gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ yóò sì wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ní àdúgbò náà. Bí onílé bá fẹ́ kí ayálégbé jáde, tí àgírímẹ́ǹtì kò sì sọ nǹkan mìíràn, kúìtì nótíìsì oṣù kan ni ti ayálégbé oṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ti ọdọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ sí kóòtù, kóòtù nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n lé ayálégbé jáde. Onílé tó bá yọ ilẹ̀kùn, tó ṣí òrùlé, tó kó ẹrù síta tàbí tó rán jàǹdùkú láìsí àṣẹ kóòtù ti dẹ́ṣẹ̀ tí ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ló yẹ kó dé iwájú adájọ́. Ìjọba Èkó ní ibi ìlàjà, Citizens Mediation Centre, tí onílé àti ayálégbé lè lọ láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n á pe ẹnì kejì, wọ́n á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò lé lórí ni wọ́n á kọ sílẹ̀ tí wọ́n á buwọ́ lù. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè owó ilé àti kọ́ṣọ̀n tí onílé kọ̀ láti dá padà ni wọ́n ń parí níbẹ̀.

Kọ́ṣọ̀n yìí ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkójáde. Ayálégbé tó ti fi fóònù ya àwòrán ògiri, sínkì àti fèrèsé lọ́jọ́ tó wọlé ní ohun tó lè fi hàn pé òun kọ́ ló fọ́ gíláàsì tàbí tó da àbàwọ́n sí sílìn. Kó san gbèsè iná àti owó ìdọ̀tí tó kù, kó gba rìsíìtì wọn. Nígbà tó bá ń dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì kọ iye tó wà lórí mítà sí ìwé kan náà, kí gbèsè ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ má bàa padà wá bá ẹni tó ti lọ.